Agbára tí kò ní èèwọ̀: bí a ṣe ń sọ èrò wa lórí ìwé tí à ń kà lọ́wọ́, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi n'Ífẹ̀

Kẹ́míìsì ni mo ń tà ní Lágéré, àwọn kọsítọ́mà ń pè mí ní Dókítà, mo ti sọ ọ́ títí pé èmi kì í ṣe dókítà ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́. Ìwé kíkà ni fàájì mi. Kì í ṣe ìwé bí a ṣe ń di olówó o, ìwé iwin àti oògùn ni, ìwé ẹ̀dá tó ti ojú ọ̀run já bọ́, ìwé ọdún tí kò tíì dé, irú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa rí lọ́wọ́ mi táá ní "àgbà ti ń dé sí ẹ, àlọ́ lo ṣì ń kà." Mo ti kọ́kọ́ rò pé èmi nìkan ni mo ya wèrè yìí ládùúgbò wa, àfìgbà tí ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ físíìsì ní yunifásítì wá ra oògùn ẹ̀fọ́rí, ìwé wà lábíyá rẹ̀, mo ní kó jẹ́ n wò ó, ó ní ìtàn àwọn kan tí oòrùn mẹ́ta ń ràn lé lórí ni, bí a ṣe dúró síbẹ̀ tí à ń rojọ́ nìyẹn títí kọsítọ́mà míì fi ń gbá kọ́ńtà.

Mo ní kó padà wá lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Mo sọ fún àbúrò mi obìnrin, mo sọ fún Ìyá Ìjọ tí wọ́n ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo wá lọ bá Bàbá Tíṣà n'Írémọ, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́tipẹ́. Mo gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ra ẹ̀pà, mo ra omi inú ọ̀rá, ó parí. Òfin kan péré ni mo ṣe, pé èdè yòówù kí wọ́n fi kọ ìwé yẹn, Yorùbá la máa fi sọ ohun tí a rò nípa rẹ̀, nítorí tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ọmọ yunifásítì yẹn nìkan ló máa máa sọ̀rọ̀ tí àwa yòókù á máa mi orí.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi ló ń kà, èyí tó jáde ní 2018, ó sì mú un láti ojú ewé kìíní, bí Zélie, ọmọbìnrin tó ni ìtàn náà, ṣe gbé ẹja lọ tà ní Lagos, bí ọmọ ọba obìnrin ṣe sá dì mọ́ ọn lọ́jà, ẹni tó sọ tibí, ẹni tó dá a lóhùn, kò fo nǹkan kan. Bàbá Tíṣà ti sùn. Ọmọ físíìsì ń tẹ fóònù. Ẹ wò ó, ohun tó máa ń pa irú ìjókòó báyìí nìyẹn, ẹnì kan á jókòó ti ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹni tó ti kà á á máa yán, ẹni tí kò tíì kà á á bínú pé wọ́n ti já a fún òun. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú nígbà tí Bàbá lajú, wọ́n fọwọ́ nu ẹnu, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Agbára tí o ní wọ́n ń lò yẹn, kí ni èèwọ̀ rẹ̀?"

"Èèwọ̀ bíi báwo, sà?"

"Èèwọ̀ ni mo wí. Kí ni ẹni tó ni ín kò gbọdọ̀ ṣe? Kí ló lè bà á jẹ́?"

Àbúrò mi ronú, ó wá ní ẹ̀yà mẹ́wàá ni àwọn tó ní agbára nínú ìwé yẹn, ohun tí ẹ̀yà kan lè ṣe, èkejì ò lè ṣe é, ẹni tó bá sì lò ó kọjá ibi tí ara rẹ̀ gbé e dé á rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, tó bá wá lọ fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣe é, ẹ̀mí lè bá a lọ. Bàbá bá jókòó dáadáa. "Ìyẹn lò bá ti kọ́kọ́ sọ, mi ò bá má sùn."

Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè Bàbá la fi ń ṣí ọ̀rọ̀ lórí ìwé kankan. Èèwọ̀ dà? Ta ni kò mọ̀ nílé wa níbí pé kò sí oògùn tí kì í ní èèwọ̀, ẹni tó gbé tibí sára kò gbọdọ̀ gba abẹ́ okùn tí wọ́n sá aṣọ sí kọjá, ẹni tó jẹ tọ̀hún kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohun báyìí báyìí. Òǹkọ̀wé tí kò bá fún agbára inú ìwé rẹ̀ ní èèwọ̀, mo mọ ohun tó máa ṣe, ibi tí wàhálà bá ti ká ẹni rẹ̀ mọ́ ló ti máa yọ agbára tuntun láti inú àpò, táá tún yọ òmíràn, àyà ẹni tó ń kà á ò wá ní já mọ́, torí kò sóhun tó lè ṣe ọmọ náà. Mo ti sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ láàárín rí, mi ò sì padà gbé e.

Èmi, Rosewater ti Tade Thompson ni mo mú wá. 2016 ló kọ́kọ́ jáde, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke ní 2019, ọmọ Yorùbá ni ẹni tó kọ ọ́, dókítà àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ni nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nàìjíríà ti ọdún 2066 ló wà nínú ìwé náà. Ohun kan láti ojú ọ̀run wá fìdí kalẹ̀ sórí ilẹ̀ wa, ó dé òrùlé rìbìtì lé ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni òrùlé yẹn ń ṣí, tó bá ti ṣí aláìsàn á gbádùn, ni àwọn èèyàn bá wá kọ́lé yí i ká, ilé di ìlú. Kò sí ibi tí ẹ̀gbin ń gbà lọ nígbà tí ìlú yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òórùn ibẹ̀ ò ṣeé gbọ́, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní orúkọ omi olóòórùn dídùn, ẹ ò rí i pé àwọn èèyàn wa náà ni! Kaaro ni ọkùnrin tó ń sọ ìtàn, ó lè wọ inú ọkàn èèyàn, ó lè wá ohun tó sọnù, olè ló sì kọ́kọ́ fi í jà nígbà èwe rẹ̀ kí ìjọba tó mú un síṣẹ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ èèwọ̀. Agbára Kaaro kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Àwọn ohun tíńtín bíi fọ́ńgọ́ọ̀sì, irú èyí tó ń fa làpálàpá, ló wà nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ti ojú ọ̀run wá, wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ ara gbogbo èèyàn, ara wọn so kọ́ra títí dé inú ọpọlọ, ojú ọ̀nà yẹn ni ẹni tó lẹ́bùn ń gbà ka ọkàn ẹlòmíì. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣá, kí wá ló ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì? Ìpara! Ìpara tí mo ń tà! Kaaro á fi ìpara ra ara, ọ̀nà á dí. Ìdájí ni mo ka ibẹ̀, mo pariwo, ọmọ mi jí.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ká apá agbádá sókè, wọ́n fi làpálàpá hàn mí, ó rí kóńkó ní ìgúnpá, etí rẹ̀ pọ́n, àárín rẹ̀ ti ń mọ́. Mo gbé tíúbù lé kọ́ńtà fún wọn, mo ṣàlàyé pé kí wọ́n nu ibẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó fi ra á, kí wọ́n má sì ṣíwọ́ lọ́jọ́ tí ó bá ti kọ́kọ́ dàbí pé ó lọ, ẹ̀rín wá ń gbọ̀n mí. Wọ́n ní "Dókítà, ṣé ara mi lẹ fi ń rẹ́rìn-ín ni?" Mo ní rárá o, ẹ má bínú sà, ìwé kan ni mo rántí. Wọ́n gba ṣéńjì, wọ́n wò mí tìfuratìfura, wọ́n lọ.

Ibi tí mo ti bá òǹkọ̀wé yẹn jà lábẹ́ máńgòrò ni pé tíúbù tí à ń tà, 20g ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ fi ìpara ra ara látòkè délẹ̀, ó máa ná an tó 30g lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni tíúbù kan àti àbọ̀, ṣé òun ló ń rà á lójoojúmọ́ àbí ìjọba? Ọmọ físíìsì ní ọ̀rọ̀ owó ni mo ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Mo ní ọ̀rọ̀ ìwé ni, torí èèwọ̀ tó dáa gbọ́dọ̀ ní iye tó ń náni. Bàbá Tíṣà gbè mí. Àmọ́ mo fẹ́ràn ìwé náà gan-an ni o, ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ìwòsàn inú òrùlé yẹn kì í ṣe oore lásán, òkú á dìde ṣùgbọ́n ẹni tó kú kọ́ ló padà wá, ara kan á san sí òdìkejì. Ìyá Ìjọ sọ pé tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ dé Ifẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn ṣì máa tò síbẹ̀ láti alẹ́ àná. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Ìyá Ìjọ fúnra wọn, Binti ti Nnedi Okorafor ni wọ́n mú, wọ́n ní torí pé ó fẹ́lẹ́ ni, àwọn ò lágbára ìwé gbàǹgbà. 2015 ló jáde. Ọmọbìnrin Himba, láti ìran àwọn tó ń gbé ní Nàmíbíà, ni Binti, ó mọ ìṣirò bí ẹni tó ń mu omi, yunifásítì kan ní ojú ọ̀run lọ́hùn-ún gbà á wọlé, ó wá jí kúrò nílé láìdágbére fún ìyá àti bàbá. Ó fi amọ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ òróró ra ara, àṣà ìran rẹ̀ ni. Ibi ìjíkúrò nílé yẹn ni Ìyá Ìjọ kò ti kúrò ní gbogbo ọ̀sán, "Ọmọ tí mo bí, tó bá fẹ́ lọ Ìlú Ọba, kó sọ fún mi, ká gbàdúrà sí i." A ní Mà, ìwé ńkọ́? Wọ́n ní ìwé dùn, amọ̀ yẹn lágbára, tó bá tán lára rẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì, kí ló máa ṣe? Wọn ò mọ̀ pé àwọn ti dáhùn ìbéèrè Bàbá láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n.

Ọmọ físíìsì ní tirẹ̀, The Three-Body Problem ti Liu Cixin, ará Ṣáínà, ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 2014, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo ní 2015. Ó ní nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, ayé fúnra rẹ̀ ló ń ka èèwọ̀ fúnni, òǹkọ̀wé ò gbọdọ̀ dá a kọ. Oòrùn mẹ́ta ń fa ara wọn kiri, kò sẹ́ni tó lè ṣírò ibi tí wọ́n máa wà lọ́la, bó bá di àkókò ìparun, àwọn ará ibẹ̀ á gbẹ gbogbo omi ara wọn, wọ́n á ká wọn jọ sílé ìpamọ́, wọ́n á tún rẹ wọ́n sómi nígbà tí ayé bá rọ̀. Wọ́n wá gbéra láti wá gba ayé tiwa, àmọ́ ọkọ̀ wọn ò lè yára tó ìmọ́lẹ̀, ó máa tó 400 ọdún kí wọ́n tó dé. "Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí," ni ó wí, "tó bá jẹ́ pé wọ́n lè yọ síbí lẹ́ẹ̀kan náà, ìjà kan ni, ó ti parí." Ohun tí ọmọ yẹn sọ dára púpọ̀, mo ṣì ń ronú sí i. Èmi ò tíì lè ka ìwé yẹn tán o, àwọn èèyàn inú rẹ̀ gbẹ lẹ́nu jù fún mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka nọ́tì kíláàsì.

Ìwé tó dá ìjà gidi sílẹ̀ ni ti Wole Talabi, Shigidi and the Brass Head of Obalufon, 2023. Ṣìgìdì, ẹni tí wọ́n ń rán sí èèyàn lóru láti gun onítọ̀hún láyà, òun ni akọni ìwé, òrìṣà kékeré tí iṣẹ́ ti sú, òun àti obìnrin kan, Nneoma, sì gba iṣẹ́ láti lọ jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ láyé àtijọ́, gbé nínú mùsíọ́mù ní London. Àwọn òrìṣà ti dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, wọ́n ní ọ́fíìsì, Ọlọ́run ló rán Ṣìgìdì àti Nneoma níṣẹ́ yẹn. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìjọ ti dìde, "Ọlọ́run wo? Ọlọ́run tí mo ń sìn ló ń rán olè níṣẹ́?" Ẹnu mi wọhò. Bàbá Tíṣà ló bá mi pa á, wọ́n ní "Ìyá Ìjọ, ẹ jókòó, ta ló kọ́kọ́ gbé orí ọ̀hún kúrò n'Ífẹ̀? Ẹni tó lọ gbé ẹrù bàbá rẹ̀ padà, ṣé òun náà ni a ń pè lólè?" Ìyá Ìjọ jókòó, àmọ́ wọn ò jẹ ẹ̀pà mọ́.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, èmi àti Bàbá rìn lọ sí mùsíọ́mù ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ohun tí ìwé ń sọ la fẹ́ fi ojú rí. Ní 1938 ni wọ́n ń walẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ni wọ́n bá bá àwọn orí idẹ nínú ilẹ̀, ọ̀kan lára wọn ló wà ní British Museum títí di òní. Ẹ bá lọ wo àwọn orí Ifẹ̀ yìí pẹ̀lú sùúrù. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ihò kéékèèké tò yí ẹnu àwọn kan ká, ètè wọn dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Bàbá dúró níwájú ọ̀kan, wọn ò sọ nǹkan kan fúngbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí, "Nínú ìwé ẹ yẹn, kí ni èèwọ̀ àwọn òrìṣà?" Mo ní àdúrà àwọn tó ń bọ wọ́n ni oúnjẹ wọn, àwọn olùbọ sì ti ń dín kù, ìdí nìyẹn tí kọ́ńpìnnì fi ń wọ́lẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Bí ènìyàn ò sí, òrìṣà ò sí. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́. Ọmọ yẹn gbọ́n." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n ṣìgìdì tó bá fẹ́ ṣeré ẹ̀tẹ́ ló máa ń ní kí wọ́n gbé òun sójò, èwo ni ti London tí òjò kì í dá?" Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi yíjú sí wa.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí ìwé náà kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ń fò ṣẹ́yìn ó ń fò síwájú nínú ọdún, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ìsáré kan, ó ti gbé ẹ lọ sí ayé àtijọ́. Nígbà tí mo ń ka díẹ̀ nínú rẹ̀ sétí Bàbá, ìbéèrè wọn ò ju "ọdún wo la tún wà báyìí?" Àmọ́ ẹni tó bá jẹ́ ará Ifẹ̀ tí kò bá kà á, ó ṣe ara rẹ̀.

Bàbá Tíṣà wá gbé tiwọn dé níkẹyìn. Ẹ̀yin náà ti mọ̀. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ọdún tí wọ́n hú àwọn orí yẹn gan-an, Òkè-Igbó ni ìlú rẹ̀, ọ̀nà Oǹdó níbí. Ìwé náà ti gbó, èèpo rẹ̀ ti lọ, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Bàbá ò sọ èrò kankan, wọ́n ń kà á sókè ni, ohùn wọn yí padà, wọ́n ń ka Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójúde dúró tì wá. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ tó bá Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, lọ sí Òkè Láńgbòdó, Kàkó, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Àràmàǹdà-òkùnrin tí òtútù ń mú nígbà tí ooru ń mú gbogbo ayé, tí ooru sì ń mú nígbà tí òtútù bá dé. Ọmọ físíìsì ní "Bàbá, ìyẹn ni èèwọ̀!" Bàbá ní "Ṣé o rí i."

Èmi ni mo ba fàájì jẹ́. Mo ní Bàbá, ẹ má bínú sà, ìbéèrè yín ni mo fẹ́ fi bi yín. Nígbà àkọ́kọ́ tí Àkàrà-Ògùn wọ igbó, tí ọ̀rọ̀ fẹ́ bẹ́yìn yọ, ṣebí egbé ló lò, oògùn tó ń gbé èèyàn kúrò nínú ewu, tó bá ara rẹ̀ nílé? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ẹni tó ní egbé, kí ló wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Òkè Láńgbòdó fún, tí ewu ń gbá wọn lọ́tùn-ún lósì?

Gbogbo wa dákẹ́. Bàbá bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú. "Egbé kì í gbé ju ẹni tó ni ín lọ. Ó kó ọmọ ọlọ́mọ dání, ṣé kó fi wọ́n sínú igbó kó máa lọ ni?" Mo ní ó dáa, sà. "Egbé sì wà fún àsálà, kì í gbé èèyàn lọ síbi tí kò mọ̀." Àbúrò mi bi wọ́n pé Fágúnwà ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ni àbí ẹ̀yin Bàbá? Bàbá kò dá a lóhùn, wọ́n kàn ń ṣí ìwé láti ojú ewé sí ojú ewé. Èrò tèmi ni pé Fágúnwà kò bìkítà fún ìṣirò bẹ́ẹ̀, ẹwà ọ̀rọ̀ ló ń lé, ẹ wo bó ṣe jókòó pa sílé Ìrágbèje tí ojúlé méje wà ńbẹ̀ tó ń gba àwọn ọdẹ níyànjú, bí mo bá sọ òtítọ́, mo máa ń fo apá kan níbẹ̀. Mo sọ ìyẹn jáde. Kí n tó gbé ẹnu kúrò, Ìyá Ìjọ ní ibẹ̀ gan-an ni ìwé wà, ìmọ̀ràn yẹn ni àwọn fi tọ́ ọmọ, Bàbá náà ní ẹni tó bá fo ibẹ̀ kò ka ìwé, ó kàn wo àwòrán rẹ̀ ni. Méjì lu ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ dán irú ìjókòó yìí wò nílé rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ pọ̀ jù, bí ẹ bá ti ń ju méje lọ àwọn kan á máa sọ̀rọ̀ fúngbà tiwọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ka ibi kan sókè, kó má kọjá ojú ewé kan, àyàfi tí ìwé Fágúnwà bá ni, torí kò sẹ́ni tó lè dá Bàbá dúró. Ẹ fi ọ̀rá bo ìwé tẹ́ ẹ bá ń yá ara yín. Tí iná ò bá sí, tí fóònù ti kú mọ́ ẹni tó ń ka tirẹ̀ lórí fóònù lọ́wọ́, ẹ má dúró dè é, kó sọ èyí tó bá rántí, èyí tó rántí yẹn gan-an ló máa dùn.

Ọ̀rọ̀ egbé kò tíì parí. Ìyá Ìjọ ló gba Ògbójú Ọdẹ lọ́wọ́ Bàbá lọ sílé, wọ́n ní àwọn máa wá ojú ewé náà fúnra àwọn, ká má sì wá fi ìwé olè London dá àwọn lẹ́nu kí àwọn tó kà á tán.